Ẹ Fi Gọ́ọ̀mù Sílẹ̀, Ẹ Pààrọ̀ Gásíkẹ́ẹ̀tì

Kò sí àdúgbò tí ẹ dé ní Ìbàdàn tàbí Èkó, tí NEPA bá ti mú iná lọ, tí ẹ ò ní gbọ́ ohùn jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo ayé ń pè ní “I better pass my neighbour”. Télọ̀ ní in, onídìrí ní in, ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi iná sí fóònù náà ní in. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 63cc lọ, iná tó lè gbé pẹ́ kò sì ju wáàtì 650 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 950 ni wọ́n kọ gàdàgbà sí i lára. Yamaha ET950 ni wọ́n wò ṣe é. Àwọn ará Ṣáínà ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó kún ọjà Alábà, Tiger TG950 sì ni aráàlú mọ̀ jù nínú wọn.

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí rẹ̀ máa ń mọ̀ bí ohùn rẹ̀ bá yí padà. Dípò kó máa dún lọ geere, á ké sókè, á rẹlẹ̀, á tún ké sókè, gílóòbù á máa mọ́lẹ̀, á sì máa ṣú pẹ̀lú rẹ̀. Bí wọ́n bá ti ṣóòkù padà sí ibi tó yẹ kó wà, á kú. Bí wọ́n bá fà á padà dé ìdajì, á tún mí. Báyìí ni ẹni tó ni ín á ṣe máa fi ṣóòkù lo jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí á máa sọ fún ẹni tó bá béèrè pé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Irọ́ ni, kì í ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Lọ́pọ̀ ìgbà, afẹ́fẹ́ ló ń gba ibi tí kò yẹ wọlé, ibi tó sì sábà máa ń gbà ni ìdí kábúrétọ̀, níbi tí gásíkẹ́ẹ̀tì ti gbẹ, tàbí tó ti ya, tàbí tí ẹnì kan ti yọ ọ́ dànù tó fi gọ́ọ̀mù dí ojú ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí kábúrétọ̀ ń ṣe, torí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní rí ìdí tí bébà pẹlẹbẹ tí à ń pè ní gásíkẹ́ẹ̀tì fi tó ohun tí à ń pariwo lé lórí. Bí písítìnì bá ń gòkè, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọ ikùn ẹ́ńjìnnì, afẹ́fẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ gba ọ̀fun kábúrétọ̀ kọjá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fún ọ̀fun yìí pọ̀ láàárín kí afẹ́fẹ́ lè sáré níbẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá ti ń sáré, agbára tó fi ń tẹ nǹkan máa ń dín kù, ìyẹn ló ń jẹ́ kí epo gòkè láti inú abọ́ ìsàlẹ̀, kó gba ihò tóóró jẹ́ẹ̀tì, kó sì fọ́n ká sínú afẹ́fẹ́ bí omi tí alágbàfọ̀ ayé àtijọ́ máa ń fẹnu fọ́n sára aṣọ kó tó lọ̀ ọ́. Wọ́n ní ọmọbìnrin olódòdó kan ní Budapest tó ń fẹnu fọ́n omi sára òdòdó ló ta Donát Bánki àti János Csonka lólobó, kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ lórí kábúrétọ̀ tiwọn ní 1893. Ọ̀rọ̀ olódòdó lè jẹ́ àfikún àwọn onítàn, ṣùgbọ́n ọdún náà àti àwọn ọkùnrin méjèèjì kì í ṣe àròsọ.

Kí bẹntiróò tó lè jó dáadáa, kílò kan rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tí ó fi díẹ̀ dín ní kílò 15. Ọ̀fun ló ń wọn afẹ́fẹ́, jẹ́ẹ̀tì ló ń wọn epo, ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n sì ti gbẹ́ ihò méjèèjì kí wọ́n bá ara wọn mu. Afẹ́fẹ́ tó bá wá gba ẹ̀yìn ọ̀fun wọlé, láti ojú tó ya lára gásíkẹ́ẹ̀tì, kò kọjá lójú jẹ́ẹ̀tì rárá. Kò sí epo kankan tó bá a wọlé. Ẹ́ńjìnnì á wá máa jó epo tó kéré ju afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ, á sì máa gbóná. Ìdí tí ṣóòkù fi ń tù ú nínú nìyẹn: ṣóòkù ń dí ojú afẹ́fẹ́ tó tọ́ láti fi san gbèsè afẹ́fẹ́ olè.

Bó bá jẹ́ pé ohùn tó ń ga tó ń rẹlẹ̀ nìkan ni, à bá fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí lọ́tọ̀. Inú epo ni ọ́ìlì rẹ̀ wà. Ìwé tó máa ń wà nínú páálí rẹ̀ sọ pé kí ọ́ìlì jẹ́ ìdá kan sí ìdá 50 epo, ìyẹn mìlílítà 20 sí lítà kọ̀ọ̀kan. Tí epo tó ń wọlé bá dín, ọ́ìlì náà ti dín nìyẹn, ní àkókò gan-an tí ooru ń pọ̀ sí i. Písítìnì á wú, á ha mọ́ ògiri sílíńdà, okùn tí wọ́n fi ń fà á á sì dúró gbagidi lọ́wọ́ ẹni tó ń fà á. Àwọn mẹkáníìkì á ní ó ti nọ́ọ̀kì. Nígbà yẹn, owó tó yẹ kó ra gásíkẹ́ẹ̀tì ti di owó písítìnì, ríìngì àti sílíńdà.

Gásíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ló kan kábúrétọ̀ yìí, mẹ́ta jẹ́ bébà, ìkẹrin jẹ́ rọ́bà. Àkọ́kọ́ wà láàárín sílíńdà àti ike dúdú líle kan tó nípọn. Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín ike yìí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé jẹnẹrétọ̀ lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Òun ni kì í jẹ́ kí ooru sílíńdà ràn dé ọ̀dọ̀ kábúrétọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, epo inú abọ́ á máa hó, ẹ́ńjìnnì á sì kú lọ́sàn-án gangan láìsí ẹni tó mọ ìdí. Gásíkẹ́ẹ̀tì kejì wà láàárín ike náà àti kábúrétọ̀, ẹ̀kẹta láàárín kábúrétọ̀ àti ilé fílítà. Ìkẹrin ni rọ́bà róbótó tó wà níbi tí abọ́ epo ti dé mọ́ ìsàlẹ̀ kábúrétọ̀. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ wà lọ́wọ́ méjì àkọ́kọ́, torí ẹ̀yìn ọ̀fun ni wọ́n wà. Ẹ̀kẹta tó bá ya á jẹ́ kí erùpẹ̀ wọlé láìgba inú fílítà, ìyẹn náà kò sì dára. Tí rọ́bà abọ́ bá bàjẹ́, epo á máa kán sílẹ̀, ojú lásán lẹ ó fi rí i.

Ohun tó ń ba àwọn bébà yìí jẹ́ kò pọ̀. Ooru ń gbẹ wọ́n, gbígbọ̀n jẹnẹrétọ̀ ń tú nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, ojú bébà á sì máa ta síra. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ ni pé mẹkáníìkì tú kábúrétọ̀ láti fọ̀ ọ́, bébà ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì dá a padà bẹ́ẹ̀.

Ẹ má tíì gbé sípánà o. Jẹ́ẹ̀tì tó dí náà máa ń mú kí ohùn ga kó rẹlẹ̀, ṣóòkù náà máa ń ràn án lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fọ kábúrétọ̀ ní àfọ̀túnfọ̀ nítorí àìsàn tí kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ rèé. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ síta gbangba, ẹ má ṣe tan án nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní òórùn tó ń pa odidi ìdílé mọ́jú. Ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ omi, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré fi omi ọṣẹ náà pa ojú ibi tí kábúrétọ̀ àti ike dúdú ti pàdé, lẹ́yìn náà ibi tí ike àti sílíńdà ti pàdé. Bí ohùn bá yí padà bí omi ṣe kàn án, tàbí tí ẹ rí i tí ìfófòó ọṣẹ ń wọ inú lọ, ẹ ti mú olè lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń fọ́n bẹntiróò sí i dípò omi ọṣẹ. Ẹ má dán an wò, sàlẹ́ńsà tó gbóná kò jìnnà síbẹ̀.

Púlọ́ọ̀gì náà máa ń jẹ́rìí. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ tó sì ti tutù. Bí ẹnu rẹ̀ bá ní àwọ̀ búráùn, kò sí wàhálà. Bó bá dúdú tó sì tutù rinrin, epo tàbí ọ́ìlì ló pọ̀ jù. Bó bá funfun tó gbẹ, epo ò tó, gásíkẹ́ẹ̀tì sì wà lára àwọn tí a ó kọ́kọ́ fura sí.

“Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, gọ́ọ̀mù díẹ̀ ló máa parí ẹ̀.” Mo gbà pé gbólóhùn yìí ti pa jẹnẹrétọ̀ púpọ̀ ju èyí tí epo ayédèrú pa lọ. Gọ́ọ̀mù inú túúbù tí wọ́n ń fún sí ìdí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wúlò níbi tó bá jẹ́ pé omi tàbí ọ́ìlì ló ń ko lójú. Bẹntiróò ni ọ̀tá rẹ̀. Bí bẹntiróò bá ń kàn án, á rọ̀, á wú, á sì máa já wẹ́wẹ́. Èyí tó já sínú ń bá afẹ́fẹ́ wọ ikùn ẹ́ńjìnnì. Èyí tí wọ́n fún jù ń ki orí sínú ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó ń fún un lọ́rùn láti inú, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí i. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ á dún dáadáa, màmá á dúpẹ́, mẹkáníìkì á gba owó rẹ̀. Kó tó pẹ́, ohùn àtijọ́ á padà wá, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tó bá máa tún un ṣe ní láti ha gọ́ọ̀mù kúrò kó tó mọ ibi tí ojú irin wà.

Mi ò ní di gbogbo ẹ̀bi ru mẹkáníìkì. Oníbàárà tó dúró tì í, tó ní kó ṣe é kíá torí orí ẹni tó ń dìrí kò tíì tán, tó sì ń yọ owó gásíkẹ́ẹ̀tì kúrò nínú owó tí wọ́n jọ dúnàá-dúrà, òun náà lọ́wọ́ sí i. Bébà mẹ́ta nínú ọ̀rá pélébé kan ni. Ó wà ní Alábà, ó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ní Agodi Gate n’Íbàdàn, ó sì wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe. Kí ẹ ṣáà mú ògbólógbòó rẹ̀ dání lọ. Ẹ gbé e lé tuntun, kí ihò bóòtù bá ihò bóòtù mu, kí ihò àárín má sì kéré ju ti àtijọ́ lọ. Ẹ̀dà TG950 pọ̀ lọ́jà, gbogbo wọn kò sì dọ́gba tán.

Ó wá ku iṣẹ́ ọwọ́. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù pátápátá. Ẹ ti ẹnu epo, kí ẹ sì tú sukúrù kékeré tó wà nísàlẹ̀ abọ́ kí epo inú rẹ̀ lè ṣàn sínú ìgò. Kí ó jẹ́ ìgò tàbí agolo o, kì í ṣe àwọn kọ́ọ̀pù funfun tí wọ́n fi ń ta nǹkan gbígbóná, torí bẹntiróò máa ń yọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ẹ yọ rọ́bà epo. Ẹ ṣí ìdérí fílítà, ẹ yọ fóòmù inú rẹ̀, ẹ ó sì rí orí nọ́ọ̀tì méjì tó di ohun gbogbo mú: ilé fílítà, kábúrétọ̀ àti ike dúdú. Sípánà nọ́ńbà 10 ló ń tú wọn.

Kí ẹ tó fa kábúrétọ̀ jáde, ẹ mú fóònù yín, kí ẹ ya àwòrán ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ àti sípíríǹgì tó so ó pọ̀ mọ́ gọ́fánà. Gọ́fánà ló ń dá eré ẹ́ńjìnnì dúró sí bíi ìyípo 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, èyí tó ń fún wa ní iná 50Hz. Sípíríǹgì tó bá bọ́ sí ihò tí kì í ṣe tirẹ̀ lè sọ ìyẹn di eré àsápajúdé, tẹlifíṣọ̀n ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Àwọn mìíràn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fà á kí iná lè “pọ̀ sí i”. Iná kì í pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀, eré ló ń pọ̀ sí i. Ẹ yí kábúrétọ̀ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yọ ọ̀pá náà jẹ́jẹ́, ẹ má fà á ya. Bí ike dúdú náà bá ti jáde, ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ojú ihò tó ṣí sílẹ̀ lára sílíńdà lójú ẹsẹ̀. Ohun tó bá já síbẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ló já sí.

Bébà àtijọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ irin bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀bẹ wà ni ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ, ọ̀bẹ ló sì ń ba ojú irin jẹ́. Alumíníọ́mù ni kábúrétọ̀ àti sílíńdà yìí, kò le. Ilà tí ọ̀bẹ bá fà sójú rẹ̀ ti di ọ̀nà fún afẹ́fẹ́, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò sì ní lè dí i. Ẹ fi bẹntiróò díẹ̀ rẹ ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó rọ̀, kí ẹ wá fi igi pẹlẹbẹ tàbí káàdì báǹkì tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá ha á. Ó ń pẹ́, ṣùgbọ́n ojú irin á mọ́ láìní ọgbẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ohun kan tí àwọn mẹkáníìkì tó dáńtọ́ nìkan máa ń ṣe. Wọ́n á gbé rúlà irin dúró lórí ojú kábúrétọ̀ àti lórí ojú ike dúdú, wọ́n á sì wò ó síbi ìmọ́lẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ láàárín, ojú náà ti tẹ̀. Dídi nọ́ọ̀tì le jù ló máa ń fa èyí: etí méjèèjì tí bóòtù gbà kọjá á tẹ̀ síwájú, àárín á sì dá àlàfo sílẹ̀. Tí ojú bá ti tẹ̀, ẹ tẹ́ ṣánpépà tó kúnná, nọ́ńbà 400 tàbí èyí tó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ, sórí gíláàsì tó tẹ́jú, ẹ da omi díẹ̀ sí i, kí ẹ máa yí ojú náà lórí rẹ̀ láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi ní àwọ̀ kan náà. Ẹ fọ gbogbo ìyẹ̀fun irin náà dànù kí ẹ tó dá a padà. Àwọn tó ń sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kì í pẹ́ lọ́wọ́ àwọn, ibí gan-an ló yẹ kí wọ́n wò.

Níwọ̀n ìgbà tí kábúrétọ̀ ti wà nílẹ̀, kò burú kí ẹ yọ jẹ́ẹ̀tì, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹ má ki wáyà bọ̀ ọ́. Ihò tí wáyà bá fẹ̀ kì í padà sí bó ṣe wà. Bó bá dí púpọ̀, okùn ìwọ̀ ẹja tó tín-ín-rín á ṣí i. Rọ́bà abọ́ tó ti mu epo yó á ti gùn ju ojú rẹ̀ lọ, kò ní wọlé mọ́. Àwọn kan máa ń sá a sóòrùn kó lè sún kì. Òótọ́ ni pé ó máa ń sún kì bí epo bá ti gbẹ kúrò lára rẹ̀, èyí lè ṣèrànwọ́ lálẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù ti tì. Kí ẹ ṣáà rà á tuntun bí ilẹ̀ bá mọ́.

Bí kò bá wá sí gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá a mu lọ́jà ńkọ́? Ẹ lè gé e fúnra yín, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá wa nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa. Wọ́n ń ta bébà gásíkẹ́ẹ̀tì ní abala; èyí tí kò nípọn ju ìdajì mìlímítà lọ ló dára fún ibí yìí. Ẹni tí kò bá rí i lè lo páálí kọnfíléèsì, bí kò bá ti ní ọ̀rá lójú. Ẹ fi ìka tó ní ọ́ìlì dúdú díẹ̀ pa ojú kábúrétọ̀, kí ẹ tẹ bébà mọ́ ọn, àwòrán ojú náà á hàn sára bébà kedere pẹ̀lú gbogbo ihò rẹ̀. Ọ̀nà ti àtijọ́ ni pé kí wọ́n gbé bébà lé ojú irin, kí wọ́n máa fi orí róbótó hámà kan etí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ títí á fi já. Ó dùn ún wò lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n lórí alumíníọ́mù, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wúwo á pa etí irin lára. Lójú tèmi, ọ́ìlì àti àlùmọ́gàjí dára jù.

Ihò bóòtù ni kí ẹ kọ́kọ́ lu. Bí ẹ bá gé ẹ̀gbẹ́ tán kí ẹ tó lu ihò, bébà á ya mọ́ yín lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ gé ihò àárín pẹ̀lú abẹ tó mú, ẹ má lo abẹ tó ti kú, nítorí kò gbọdọ̀ sí ìrùngbọ̀n kankan lára bébà tó máa yọ sínú ọ̀nà afẹ́fẹ́. Ihò àárín lè fi díẹ̀ tóbi ju ti irin lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kéré. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó gé ẹ̀gbẹ́ ìta. Bébà méjì tí wọ́n gbé léra kí ó lè “nípọn dáadáa” kò ṣe ohun rere kankan. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ló máa ń sún kì, nọ́ọ̀tì á dẹ̀, afẹ́fẹ́ á tún wọlé.

Dídá a padà kò le. Bébà àkọ́kọ́, ike dúdú, bébà kejì, kábúrétọ̀, bébà kẹta, ilé fílítà. Gbígbẹ ni kí ẹ fi bébà síbẹ̀, kò fẹ́ gọ́ọ̀mù, kò fẹ́ gíríìsì. Kí ẹ rántí yọ aṣọ tí ẹ fi dí ihò. Ẹ fi ọwọ́ lásán yí nọ́ọ̀tì méjèèjì títí wọ́n á fi kan ìdí, kí ẹ tó wá fi sípánà dì wọ́n díẹ̀ díẹ̀, ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, òsì lẹ́ẹ̀kan. Sípánà kúkúrú ni kí ẹ lò, ẹ má sì fi gbogbo apá tì í. Lẹ́yìn tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan, tí bébà ti jókòó, ẹ tún fi sípánà kàn wọ́n wò. Omi ọṣẹ tí ẹ lò lẹ́ẹ̀kan ni kí ẹ tún lò: bí ohùn kò bá yí padà mọ́, tí ṣóòkù sì ti wà níbi tó yẹ kó wà láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì kú, iṣẹ́ ti parí.

Àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká gé koríko lè máa wò ó pé ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn. Ó kàn wọ́n, àmọ́ kábúrétọ̀ tiwọn yàtọ̀. Jẹnẹrétọ̀ jókòó sójú kan, nítorí náà epo inú abọ́ rẹ̀ kì í dà. Ẹ̀rọ agékoríko ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún, abọ́ kò lè bá a lò. Awọ rọ́bà pẹlẹbẹ méjì ló rọ́pò rẹ̀: ọ̀kan ń fa epo láti inú tánkì, ìkejì ń wọn iye tó máa wọlé. Irú rẹ̀ náà ló wà lára àwọn ọkọ̀ ìṣeré oníbẹntiróò tí àwọn òyìnbó ń fi rìmóòtù sáré, tí ìwọ̀n wọn jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún ọkọ̀ gidi. Ẹ́ńjìnnì wọn sábà máa ń wà láàárín 23cc sí 30cc. Zenoah ti Japan gbajúmọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà, kábúrétọ̀ Walbro WT ló sì sábà máa ń wà lára rẹ̀.

Lára irú èyí, ihò kékeré kan tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ńlá, tó la gásíkẹ́ẹ̀tì àti ike kọjá lọ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì. Mímí ikùn ẹ́ńjìnnì láti inú ihò yìí ló ń mi awọ tó ń fa epo. Bí ẹ bá yí gásíkẹ́ẹ̀tì padà lódìkejì tó sì bo ihò náà, tàbí tí ẹ gé bébà tí ẹ gbàgbé rẹ̀, ẹ lè fa okùn títí di alẹ́, kò sí epo tó máa dé ọ̀fun. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà ṣe pàtàkì: lára Walbro WT, ní ẹ̀gbẹ́ tó ń fa epo, awọ ló ń kọ́kọ́ kan ara kábúrétọ̀ kí gásíkẹ́ẹ̀tì tó tẹ̀ lé e, ní ẹ̀gbẹ́ tó ń wọn epo, gásíkẹ́ẹ̀tì ló ń ṣáájú awọ. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kó béèrè D10-WAT bó bá jẹ́ awọ àti gásíkẹ́ẹ̀tì nìkan ló fẹ́, tàbí K10-WAT bó bá fẹ́ abẹ́rẹ́ àti sípíríǹgì rẹ̀ mọ́ ọn. Kó má sì tẹ irin kékeré tó wà lórí abẹ́rẹ́ náà, bí kò bá ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ ṣe fún un.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pààrọ̀ kábúrétọ̀ jẹnẹrétọ̀ wọn sí èyí tó ń lo gáàsì ìdáná. Ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ oní-ọ́ìlì-lọ́tọ̀ lè ṣe é. “I better pass my neighbour” kì í ṣe ara wọn, torí inú bẹntiróò ni ọ́ìlì rẹ̀ ń gbà wọlé, gáàsì kò sì ní ọ́ìlì kankan nínú. Ẹni tó bá fi gáàsì sí i láìwá ọ̀nà mìíràn fún ọ́ìlì ń lọ síbi nọ́ọ̀kì ní ọ̀nà tó yá ju ti gásíkẹ́ẹ̀tì yíya lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé jẹnẹrétọ̀ yín dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tó sì ní òun fẹ́ tú kábúrétọ̀, ẹ sọ fún un kó tó mú sípánà pé gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ni ẹ fẹ́ kó fi dé e, kí ẹ sì fún un lówó rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà. Bó bá na ọwọ́ sí túúbù gọ́ọ̀mù, ẹ gba jẹnẹrétọ̀ yín, kí ẹ gbé e lọ síbòmíràn.